Igbó Onígbó, Owó Ìjọba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àjọṣe Ìtọ́jú Igi ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ máa ń ná owó lọ́dọọdún lórí igbó tí kì í ṣe tirẹ̀ àti lórí igi ẹ̀gbẹ́ títì tí kò mọ ẹni tó gbìn ín. Ètò náà, tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń ṣe, kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ra ilé tàbí ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé orúkọ ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú ló sábà máa ń wà lára iṣẹ́ náà, kì í ṣe orúkọ ẹni tó fi owó sílẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó máa ń ta kókó nípa rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Kí ló kan ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú igbó onígbó?

Ìdáhùn: Ọwọ́ aládàáni ni ohun tó ju ìdajì igbó ilẹ̀ náà lọ wà. Gbogbo igbó Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 765 éékà. Àjọ US Forest Service, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1905 lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ń ṣàkóso ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 193 éékà, ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ní ìlà oòrùn àti gúúsù, igbó tí arìnrìn-àjò ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sábà máa ń jẹ́ ti ìdílé kan tàbí ti ilé iṣẹ́ onígẹdú. Bí onígbó kan bá jẹ́ kí igi gbígbẹ kún ilẹ̀ rẹ̀, tí iná sì sọ níbẹ̀, kò sí ààlà tí yóò dá iná náà dúró. Bí ó bá sì gé igi etí odò tán, ẹrẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mu omi odò náà ní ìsàlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti Nàìjíríà, èyí tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ní ọdún 1978, lè rò pé àṣẹ ni ìjọba yóò kàn pa. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kì í sábà ní àṣẹ láti sọ ìgbà tí onígbó yóò gé igi rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ló máa ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, tiwọn náà kò sì dọ́gba. Ohun tó kù lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ni owó àti ìmọ̀, àwọn ohun méjì yìí ló sì fi ń fa ojú onígbó mọ́ra. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọdún 1978 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe Cooperative Forestry Assistance Act, òfin tí ètò àjọṣe náà dúró lé lórí títí di òní.

Ìbéèrè: Ṣé ọdún 1978 ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Iná ló bí i. Ní oṣù Ògún, ọdún 1910, iná jó igbó tó tó mílíọ̀nù 3 éékà ní Idaho, Montana àti àyíká wọn láàárín ọjọ́ méjì péré, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 80, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ń pa iná. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé òfin Weeks Act jáde, èyí tó gba ìjọba àpapọ̀ láàyè láti ran ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè dáàbò bo igbó orísun àwọn odò ńlá lọ́wọ́ iná, pẹ̀lú àdéhùn pé owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ju èyí tí ìpínlẹ̀ náà mú wá lọ. Ní ọdún 1924, òfin Clarke-McNary Act mú ètò náà gbòòrò, ó sì fi pípín ọmọ igi fún àwọn àgbẹ̀ kún un. Àdéhùn ọdún 1911 yẹn, pé kí oníkálukú mú tirẹ̀ wá, ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ètò yìí lójú tèmi, torí pé ìpínlẹ̀ tó bá ti fi owó ara rẹ̀ sí iṣẹ́ kì í fẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ta ló ń wá sí oko onílẹ̀?

Ìdáhùn: Òṣìṣẹ́ igbó ti ìpínlẹ̀ ni, tàbí onímọ̀ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Ètò Forest Stewardship, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990, ló ń san apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀. Òun àti onílẹ̀ yóò jọ rin inú igbó náà já. Yóò wọn ìbú igi ní ibi tó ga tó àyà àgbàlagbà, yóò ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò nínú bọ inú igi, yóò sì fà á yọ pẹ̀lú èérún igi gígùn kan tí wọ́n fi lè ka ọjọ́ orí igi náà láìgé e lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ohun tí onílẹ̀ ń fẹ́: ṣé kí ó rí gẹdú tà ni, àbí kí ẹran ìgbẹ́ ríbi gbé, àbí kí odò inú ilẹ̀ náà má gbẹ. Ohun tí onílẹ̀ bá sọ ni wọ́n yóò gbé ìwé ètò ìtọ́jú lé lórí. Ibi tí ètò yìí kù sí ni pé ẹni tó bá pè wọ́n ni wọ́n ń lọ bá, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ni igbó kéékèèké ní orílẹ̀-èdè náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 10, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà tí àwọn lè pè.

Ìbéèrè: Bí ènìyàn bá gba owó wọn, ṣé ilẹ̀ rẹ̀ kò ní di ti ìjọba?

Ìdáhùn: Kò ní di tiwọn, àfi bí onílẹ̀ bá fúnra rẹ̀ tà á. Ètò Forest Legacy, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990, ni ó sábà máa ń dá ìbẹ̀rù yìí sílẹ̀. Nínú rẹ̀, onílẹ̀ lè ta ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sórí igbó náà tàbí láti gé e sí púlọ́ọ̀tì, kí ilẹ̀ gan-an ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó lè gé gẹdú níbẹ̀ ní ìlànà àdéhùn, ó lè tà á, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn náà yóò máa bá ilẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ lè san tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà.

Ìbéèrè: Igi ìlú ńkọ́? Kí ni ìjọba ń wá nídìí igi ẹ̀gbẹ́ títì?

Ìdáhùn: Ìtàn igi méjì ló máa jẹ́ kí èyí yéni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi elm ni ìlú púpọ̀ ní Amẹ́ríkà gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì, ní ìlà gbọọrọ, títí tí àrùn kan fi pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi òmíràn rọ́pò wọn, igi ash ni ọ̀pọ̀ ìlú gbìn, tí àwọn náà tún tò ní ìlà gbọọrọ. Ní ọdún 2002, wọ́n rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní emerald ash borer, nítòsí Detroit. Láti Éṣíà ni ó ti wá, ó sì jọ pé inú pákó tí wọ́n fi di ẹrù ni ó bá dé. Ìdin rẹ̀ ló ń ṣe ọṣẹ́: abẹ́ èèpo ló ń gbé, ó ń jẹ ibi tí oúnjẹ igi ń gbà kọjá, ipa tó ń fà sílẹ̀ níbẹ̀ sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò. Nígbà tí ó bá dàgbà, yóò dá ihò jáde, ihò tó rí bíi lẹ́tà D tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 4 lọ. Kí onílé tó rí ihò yìí, igi ti ń kú lọ. Ọ̀kẹ́ àìmọye igi ash ló ti bá a lọ.

Ìlú kan ṣoṣo kò lè dá irú nǹkan báyìí dúró. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn fòfin de gbígbé igi ash àti igi ìdáná kúrò ní àwọn agbègbè tó ní kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó tàn kálẹ̀ débi pé wọ́n gbé òfin àpapọ̀ yẹn kúrò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2021. Ohun tí wọ́n gbójú lé báyìí ni agbọ́n wẹ́wẹ́ láti Éṣíà, tí kì í ta ènìyàn, tí wọ́n ti ń tú sílẹ̀ láti ọdún 2007 kí wọ́n lè máa pa ìdin àti ẹyin kòkòrò náà. Owó àjọṣe sì ń ran àwọn ìlú lọ́wọ́ láti ka igi wọn kí wọ́n lè mọ irú èyí tó pọ̀ jù. I-Tree, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Forest Service àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2006, wúlò gan-an níbẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń gbìyànjú láti tẹ̀ lé ni pé kí irú igi kan ṣoṣo má ju ìdá mẹ́wàá gbogbo igi ìlú nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo àdúgbò ló ń rí igi náà gbà bákan náà?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ya àwòrán àwọn ìlú, ó sì fi àwọ̀ pupa kun àwọn àdúgbò tó sọ pé ó léwu láti yá ènìyàn lówó ilé níbẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn àjèjì ló pọ̀ jù ní àwọn àdúgbò yìí. Títí di òní, igi kò tó nǹkan ní púpọ̀ nínú wọn, ooru wọn sì máa ń ju ti àwọn àdúgbò yòókù lọ. Òfin Inflation Reduction Act ti ọdún 2022 ya bílíọ̀nù 1.5 dọ́là sọ́tọ̀ fún igi ìlú, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ètò yìí, wọ́n sì gba àwọn àdúgbò aláìní láàyè láti gba owó náà láìmú tiwọn wá. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2025, ìjọba tuntun fagi lé mílíọ̀nù 75 dọ́là tí Arbor Day Foundation, àjọ aládàáni kan tó ń ṣètò igi gbígbìn, fẹ́ pín fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nílò omi fún ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà owó tó bá dáwọ́ dúró lágbede méjì lè pa èyí tí wọ́n ti gbìn.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, igi ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀. Ṣé mo lè gé e?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gé e. Bí ó bá wà lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ìlú, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì máa ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ. Ẹ pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó igi ìlú yín. Bí ó bá jẹ́ pé igbó éékà mélòó kan ni ẹ rà, ọ́fíìsì igbó ti ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kàn sí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn bí ìwé ètò ìtọ́jú ṣe lè dín owó orí ilẹ̀ yín kù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló máa ń ṣe ẹ̀dínwó fún igbó tí wọ́n ń tọ́jú.