Alùpùpù 125 tó ń lọ́ra ní Ìlú Ọba: kí ni wọ́n fi dè é, ṣé ó ṣeé tú?

Àwọn ọmọ wa tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri ní London àti Manchester kì í yé béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí, mo sì ti dáhùn wọn bó ṣe yẹ kó yé ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọ́n ti dè 125 mi kó má baà sáré. Ibo ni wọ́n ti dè é gan-an?

Ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan tí wọ́n fi dè é. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 17, tó ní láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ti gba CBT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe kí èèyàn tó gun alùpùpù dé ojú títì, òfin gbà á láyè láti gun èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125cc lọ, tí agbára rẹ̀ kò sì ju kílówáàtì 11 lọ. Kílówáàtì 11 kò pé agbára ẹṣin 15. Yamaha YBR125 tí ọ̀pọ̀ yín ń gùn, nǹkan bí agbára ẹṣin 10 péré ló ní. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Bó o tú u palẹ̀ látòkè délẹ̀, o ò ní rí ohun tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀. Àwọn bíi YZF-R125 àti KTM 125 Duke ni wọ́n ṣe dé ibi tí òfin fi ààlà sí gẹ́lẹ́. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ láti “tú” YBR, bi í léèrè ohun tó fẹ́ yọ kó o tó fún un ní kọ́bọ̀.

Kí ló wá dé tí ti ọ̀rẹ́ mi fi ń sáré ju tèmi lọ, nígbà tó jẹ́ pé irú kan náà ni?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí alùpùpù agbéoúnjẹ ń jìyà gan-an. Fi í sí níútìrà, gbé e dúró lórí sitáńdì àárín, kó o wá fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Tó bá yí díẹ̀ tó dúró gbọnyin, búrẹ́ẹ̀kì ló ń dì í mú, tàbí kó jẹ́ pé ṣéènì ti le jù. Wo ṣéènì náà dáadáa: tó bá ti gbẹ, tó ti dípẹtà, tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bó ṣe ń yí, ó ń jẹ lára agbára díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ní. Ṣí fítà atẹ́gùn. Mo ti rí èyí tí eruku àti ọ́ìlì ti dì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé atẹ́gùn ò ráyè kọjá mọ́. Yẹ púlọ́ọ̀gì wò, kó o sì wọn atẹ́gùn táyà nígbà tí táyà tutù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o rántí àpótí ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ. Bó o bá ti ń sáré tó máìlì 50 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó ń gbá àpótí yẹn ń fà ọ́ sẹ́yìn gan-an, agbára ẹṣin 10 ò sì ní ohun tó fẹ́ fi jà á.

Àwọn kan á ní kó o pààrọ̀ sipirókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, sí èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ sí i. Kò fi agbára kankan kún un. Ẹ́ńjìnnì á rọra dún lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, àmọ́ bó o bá dé orí òkè, á wọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n dè lóòótọ́.

Wọ́n wà. Àwọn two-stroke àtijọ́, ìyẹn àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, bí Aprilia RS125 lè ní nǹkan bí agbára ẹṣin 30, ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n lè tà á fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n dí ọ̀nà èéfín: òrùka irin kan, bíi wásà tí ihò rẹ̀ kéré, lè wà lọ́rùn sáléńsà, wọ́n sì lè ti fáfù ẹnu ihò èéfín pa. Àwọn sìkútà 50cc tí ọmọ ọdún 16 ń gùn náà ní tiwọn, kí wọ́n má baà kọjá kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Òrùka lè wà nínú ibi tí bẹ́líìtì ti ń yí, ó sì lè jẹ́ bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn àpótí iná tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n fi dá a dúró.

Ẹni tó bá kàn yọ òrùka sáléńsà two-stroke láì yí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá, padà ń wá wàhálà. Atẹ́gùn á pọ̀ ju epo lọ, ooru á gbóná kọjá ààlà, písítìnì á lu tàbí kó gán. Bó bá gán lórí eré, táyà ẹ̀yìn á dì pa lójijì, èèyàn á sì ṣubú sáàárín ọkọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Tí mo bá yọ ọ́, ta ló máa mọ̀?

Lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀rọ náà wò. Bó bá ti kọjá kílówáàtì 11, láísẹ́ǹsì rẹ ò ká a mọ́, inṣọ́ránsì rẹ náà sì wà nínú ewu, torí o ò sọ fún wọn pé o yí nǹkan padà. Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì lè sanwó fún ẹni tó o gbá, kí wọ́n wá yíjú sí ọ láti gba owó náà padà. Ọlọ́pàá tó bá mú ẹni tó ń gun alùpùpù láìní inṣọ́ránsì lè bu £300 lé e, kí wọ́n kọ pọ́ìntì 6 sórí láísẹ́ǹsì rẹ̀, kí wọ́n sì gbé alùpùpù náà lọ. Ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun ti pàdánù iṣẹ́ nìyẹn.

Kí wá ni kí n ṣe, Ẹ̀gbọ́n? Ó ti sú mi.

Lọ ṣe ìdánwò. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gba CBT tuntun ní gbogbo ọdún méjì-méjì, tí wọ́n ń gbé L, àmì akẹ́kọ̀ọ́, kọ́ ẹ̀yìn, tí wọn ò lè gba mótòwéè, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, tí wọn ò sì lè gbé èèyàn. Láti ọmọ ọdún 19, o lè ṣe ìdánwò A2, èyí tó gbà ọ́ láyè dé kílówáàtì 35. Lẹ́yìn ọdún méjì, o lè ṣe ti A, tí kò ní ààlà; ẹni tó bá ti pé ọdún 24 lè lọ tààrà síbẹ̀.

Nídìí A2 yìí ni títú ti bófin mu. O lè ra alùpùpù tí agbára rẹ̀ tó kílówáàtì 70 tí wọ́n ti dè sí 35. Lọ́jọ́ tó o bá gba láísẹ́ǹsì A, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irú rẹ̀, kó bá ọ tú u, kó o gba ìwé pé ó tú u, kó o sì fi tó inṣọ́ránsì rẹ létí kó o tó gbé e jáde.