Àfarawé orí kọ̀ǹpútà fún ìtúká Rutherford

Ìtúká Rutherford ni yíyà tí àwọn ẹyọ álífà, ìyẹn ẹyọ bíńtín oníná tó ń tú jáde lára àwọn nǹkan bíi rédíọ̀mù, máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà wọn nígbà tí wọ́n bá kọjá nítòsí kóró átọ́ọ̀mù, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àfarawé tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa rẹ̀ wà lọ́dọ̀ PhET, iṣẹ́ tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní Manchester lọ́dún 1909, inú òkùnkùn ni Hans Geiger àti Ernest Marsden ti ń fi awò asọǹkan-di-ńlá ka ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń ṣẹ́jú lára awo tí wọ́n fi zinc sulfide kùn. Ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n rí, wọn ò rí ipa ọ̀nà tí álífà kankan gbà. Nígbà tí wọ́n dojú álífà kọ irin platinum, nǹkan bí 1 nínú 8,000 ló ta padà. Lọ́dún 1911, Ernest Rutherford ṣàlàyé pé kóró kékeré kan tí iná mànàmáná pọ̀ lára rẹ̀ ló ń dá wọn padà. A ti wá mọ̀ pé irú iná kan náà ló wà lára òun àti álífà, ìdí nìyẹn tó fi ń tì wọ́n.

Ipa ọ̀nà tó pamọ́ fún wọn ni àfarawé yìí ń yà sójú kọ̀ǹpútà. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, àwọn álífà á máa tò lọ sókè. Èyí tó bá forí lé kóró gan-an á ṣẹ́rí padà. Bí a bá fi kún prótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ oníná inú kóró, àwọn álífà á yà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí agbára álífà bá dín sí ìdajì, iye tó ń túká sí igun kan náà yóò di ìlọ́po 4. Ti niútírọ́ọ̀nù, ẹyọ kejì inú kóró, ló máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: fi kún un, yọ kúrò, kò sí ìyàtọ̀, torí kò ní iná lára.

Àmọ́ àwòrán náà lè ṣini lọ́nà. Kóró wúrà tó gba àárín ojú kọ̀ǹpútà yẹn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20,000 ìbú átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ, bíi wóró ọkà bàbà kan láàárín pápá bọ́ọ̀lù.

Apá kejì wà fún àbá tí J. J. Thomson dá lọ́dún 1904 nípa bí átọ́ọ̀mù ṣe rí, níbi tí kò ti sí kóró, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹyọ oníná bíńtín inú átọ́ọ̀mù, ti há káàkiri bí ẹja inú mọ́ínmọ́ín. Níbẹ̀, bó ti wù kéèyàn dúró pẹ́ tó, gbogbo álífà ló ń kọjá tààrà.