Iṣẹ́ ọ̀fẹ́, físà àti Refugee Week: ìbéèrè yín rèé, ìdáhùn mi rèé

Látìgbà tí ìjọba ìlú ọba ti gbé àbá jáde ní oṣù kọkànlá 2025 pé ọdún 10 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi dúró kí wọ́n tó gba ILR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibí títí lọ, dípò 5, tí wọ́n wá fi kún un pé ẹni tó bá yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún àdúgbò lè rí ọdún díẹ̀ yọ níbẹ̀, WhatsApp ò sinmi mọ́. Onílù, lọ́yà, nọ́ọ̀sì, fọtógíráfà, kálukú ń wá ibi tó ti máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, Refugee Week sì ni wọ́n ń dárúkọ jù. Mo kó ìbéèrè yín jọ.

Kí ni Refugee Week gan-an?
Ọ̀sẹ̀ kan ni nínú oṣù kẹfà, 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Britain. Ó máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ 20, Àyájọ́ Ogunléndé Lágbàáyé, tó jẹ́ pé ọjọ́ ogunléndé ilẹ̀ Áfíríkà ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ti gbogbo ayé ní 2001. Orin, ijó, oúnjẹ, àwòrán, ìtàn, gbogbo ẹ̀ ló ń wáyé, owó ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá oníṣẹ́ tó máa bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi kì í ṣe ogunléndé o, mo kàn jápa ni. Kí ló kàn mí níbẹ̀?
Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló bi mí, mo sì sọ fún un pé àwọn tó wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn ò wá najú.

Ṣé lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ á jẹ́ kí ILR mi tètè yọ?
Ìwé àbá yẹn sọ pé ó lè yọ ọdún 3 sí 5. Àbá ni o, wọ́n gba èrò aráàlú lórí ẹ̀ títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì 2026, àbá kì í sì í ṣe òfin, ohun tó bá wà lórí gov.uk lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù lẹ máa tẹ̀ lé. Ìwé yẹn kan náà ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un tó £125,140 lọ́dún fún ọdún 3 lè yọ 7. Ẹ rí i pé owó ṣì ń sáré ju inú rere lọ.

Ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Báwo ló ṣe wá kan físà?
Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òfin wọn pín iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí méjì, orúkọ méjèèjì wá jọra bí ìbejì: volunteering àti voluntary work. Volunteering ni pé ẹ lọ ran ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́, kò sí kọ́ńtíráàtì, ẹ ò gba ipò ẹni tó yẹ kí wọ́n gbà síṣẹ́, wọn ò sì fún yín ní nǹkan kan àfi owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Voluntary work ni èyí tí wọ́n ti so yín mọ́ ọn, ẹ gbọ́dọ̀ dé ní aago báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ báyìí, wọ́n sì ń fi nǹkan míì dípò owó. Ìyẹn, iṣẹ́ ni lójú òfin, bí kọ́bọ̀ ò tiẹ̀ wọ àpò yín.

Ká ní fọtógíráfà ni yín. Ẹ lọ síbi àjọyọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́, ó parí, volunteering nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé, kẹ́ ẹ máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì fún yín ní kámẹ́rà tuntun tó bá parí, kámẹ́rà yẹn owó iṣẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní ẹ̀bùn fún yín.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?
Volunteering ò ní wàhálà. Voluntary work ń wọnú wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí wọ́n fún ẹni tó ń ṣe dìgírì nígbà tí iléèwé bá wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti fi 20 ṣe care, tẹ́ ẹ tún fi 4 ṣe èyí, 24 nìyẹn, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ò sì ní bèèrè bóyá nítorí Ọlọ́run ni.

Físà Skilled Worker, ti ẹni tí iléeṣẹ́ gbà síṣẹ́ ńkọ́?
Wọ́n gbà yín láyè, méjèèjì.

Mọ́mì mi wá kí wa, wọ́n mọ aṣọ rán gan-an, wọ́n fẹ́ bá wọn rán aṣọ ijó.
Kò burú, tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀, tí kò ju ọjọ́ 30 lápapọ̀, tí kò sì jẹ́ pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọkọ̀ òfuurufú wá.

Ṣé àwọn tó ń dúró de èsì ìwé ààbò náà lè ṣe é?
Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹgbẹ́ aláàánú tàbí iléeṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ olówó ni wọn ò lè ṣe láìgba àṣẹ. Ẹ rántí wọn o, àjọyọ̀ tiwọn ni, dókítà àti ẹnjiníà wà nínú wọn, ẹ má kàn pè wọ́n wá jókòó kẹ́ ẹ wá máa bá wọn ya fọ́tò.

Onílù ni mí, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní.
Físà yẹn ò gbà kẹ́ ẹ fi orin tàbí eré ṣiṣẹ́ ṣe, torí náà ẹ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè níléèwé yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé gángan. Tí àwọn èèyàn wa bá wá bẹ̀rẹ̀ sí lẹ £20 mọ́ yín níwájú orí, ẹ wá ẹni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún Home Office. Èmi kọ́.

Lọ́yà ni mí ní Nàìjíríà. Ṣé mo lè gba àwọn ogunléndé nímọ̀ràn lórí ìwé wọn níbi àjọyọ̀ náà?
Rárá o! Láti ìgbà òfin 1999 ló ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé kóòtù, kí ẹni tí kò láṣẹ máa gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, ọ̀fẹ́ ò sì ní kó má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ ibí ló lè ṣe é, tàbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àwọn tí wọ́n ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀. Kí àwọn pásítọ̀ wa náà gbọ́ o. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ júwe ibi tí wọ́n ti lè rí ẹni tó láṣẹ, kẹ́ ẹ bá wọn gba máìkì.

Fọ́tò tí mo bá yà, ṣé mo lè gbé e sórí Instagram mi?
Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé e síta, torí ẹlòmíì sá fún ìjọba, ẹlòmíì sá fún ọkọ, fọ́tò kan ṣoṣo tó dárúkọ àdúgbò ti tó láti fi wá a kàn, tàbí kí wọ́n fi ìyà ẹ̀ jẹ ìyá ẹ̀ nílé. Tọmọdé, òbí lẹ máa bi. Ọwọ́ onílù, ẹsẹ̀ oníjó, ìkòkò ọbẹ̀, ìyẹn náà fọ́tò ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí, PIN mi, nọ́ńbà àṣẹ láti ṣe nọ́ọ̀sì níbí, ò tíì jáde.
Ẹ bá wọn pín omi.

Ẹnì kan ní kí n san £150 kóun fún mi ní lẹ́tà pé mo ti ṣe volunteer.
Ẹ sá. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi irọ́ sínú ìwé físà, wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10, ọdún yẹn sì ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yọ lọ. DBS, ìwádìí bóyá èèyàn ti dáràn rí, tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó máa bá ọmọdé ṣe nǹkan gan-an, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀.

Ṣé kí n gba owó ọkọ̀ tí wọ́n fún mi?
Ẹ gbà á, ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ £6, tí wọ́n wá fún yín ní £40, ẹ dá ṣẹ́ńjì padà.