Bí àgùnfọn orí àpáta Dabous ṣe ń di ewì

Ní Dabous, ní àríwá Agadez lórílẹ̀-èdè Niger, àgùnfọn méjì wà tí àwọn ará ìgbàanì fín sí orí àpáta. Èyí tó tóbi jù gùn ju mítà 5 lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ibi ẹnu rẹ̀ yí kọ́lọkọ̀lọ sọ̀ kalẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kékeré kan.

Wíwò ló ṣáájú. Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí oòrùn bá dagun, tí òjìji wọ inú ibi tí wọ́n gbẹ́. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ojú iṣẹ́ náà á pẹ́lẹ́bẹ, àmì ara àgùnfọn kò ní hàn dáadáa. Bó bá jẹ́ fọ́tò ni akéwì ń wò, kó wá èyí tó ní òjìji. Ẹni tó bá débẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, nítorí bàtà ń ha òkúta.

Ìgbà ló ń da ọ̀pọ̀ akéwì rú. Wọ́n á ti kó òùngbẹ àti iyanrìn sínú ewì kí wọ́n tó ronú. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 11,000 sí 5,000 sẹ́yìn, koríko àti adágún omi pọ̀ ní Sàhárà. Ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ ni àgùnfọn ti ń jẹ̀. Ràkúnmí kò tíì débẹ̀ nígbà náà. Ewì tó bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ àgùnfọn wọ̀nyí ti lu ayé méjì pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Bí ọdẹ ṣe ń sun ìjálá ló bá iṣẹ́ yìí mu jù: ara ẹranko àti ìrìn rẹ̀ ni ọdẹ fi ń pè é. Ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ojú rí lára òkúta ti tó:

Àgùnfọn, igi tí kò lápá,
Ọrùn-gíga-rójò-kó-tó-ṣú,
Alámì tótòtó tí a kò rẹ láró,
Ta ló fa ìlà mọ́ ọ lẹ́nu?
Koríko tí o jẹ lánàá dà?

Kí á bo orúkọ àgùnfọn mọ́lẹ̀, kí á wá ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè. Èyí tó bá lè bá ẹtu tàbí ẹfọ̀n mu, kí á pa á rẹ́. “Ẹlẹ́wà” àti “arẹwà inú aṣálẹ̀” kì í la ìdánwò yìí já.

Òkúta kò pe ìlà ẹnu yẹn ní okùn, nítorí náà ìbéèrè ló yẹ ẹ́. Ohùn náà ń bá a rìn: ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ parí sí ohùn òkè, “lẹ́nu” parí sí ohùn àárín, “dà” sì bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ènìyàn kékeré náà dúró sí.