Họ́mónù àfirọ́pò fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́

Họ́mónù àfirọ́pò ni oògùn tó ń dá ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin tí ilé-ẹyin ń pèsè, padà sára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Bí obìnrin náà bá ṣì ní ilé-ọmọ, wọ́n máa ń fi projẹ́sítírọ́ọ̀nù, họ́mónù obìnrin mìíràn, kún un. Ooru ara òjijì, òógùn òru, àìróorunsùn àti gbígbẹ ojú ara ni wọ́n sábà máa ń tìtorí ẹ̀ lò ó. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti lé lẹ́ni ọdún 60, tàbí tó ti lé ní ọdún 10 tó ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ewu oògùn tí ń wọ gbogbo ara máa ń wúwo ju ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 50 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kà á léèwọ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n ń fi sójú ara nìkan wà lábẹ́ òfin tirẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ìgbà tí oṣù 12 bá kọjá léraléra láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, ọmú tàbí oògùn ló fà á, ni wọ́n máa ń sọ pé ó ti dáwọ́ dúró. Ìwádìí tí Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990 fi ọjọ́ orí náà sí nǹkan bí ọdún 48 láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà. Nínú ìwé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 51 ló máa ń wà.

Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ń díwọ̀n bí ara ṣe ń gbóná sí. Àwọn iṣan ìmọ̀lára kan wà níbẹ̀ tí ẹ́sítírójìn máa ń kó níjàánu. Nígbà tí ilé-ẹyin kò bá pèsè ẹ́sítírójìn tó bó ti yẹ mọ́, àwọn iṣan wọ̀nyí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣejù, ooru kékeré tí ara kì bá má kà sí á sì di ohun tó ń bá jà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fẹ̀, òógùn á bolẹ̀, àyà á máa lù kìkì, kó tó pẹ́ òtútù á dé.

Ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé agbedeméjì iye ọdún tí ooru yìí fi ń bá obìnrin fínra jẹ́ 7.4. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà, ó jẹ́ 10.1. Nítorí náà, ìyá ẹni ọdún 62 tó ṣì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra lóru kì í ṣe ohun àjèjì. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ ooru fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lóru. Irú rẹ̀ gba kí wọ́n kọ́kọ́ wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, ibà, àìsàn tàírọ́ọ̀dù, tàbí ṣúgà tó ń lọ sílẹ̀ jù nítorí oògùn àtọ̀gbẹ, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ họ́mónù.

Ìwádìí tó yí ọ̀rọ̀ padà

Láti 1942 ni Premarin, ẹ́sítírójìn tí wọ́n ń fà yọ látinú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún, ti wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Ní 1975, ìwádìí fi hàn pé ẹ́sítírójìn nìkan ń dá kún jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ, ibẹ̀ sì ni fífi projẹ́sítírọ́ọ̀nù tàbí irú rẹ̀ kún un ti gbilẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2002, wọ́n dá apá kan Women's Health Initiative, ìwádìí ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Obìnrin 16,608 tí wọ́n ṣì ní ilé-ọmọ, ẹni ọdún 50 sí 79, ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Àwọn kan ń lo ẹ́sítírójìn ẹṣin miligíráàmù 0.625 pẹ̀lú medroxyprogesterone (oògùn irú projẹ́sítírọ́ọ̀nù) miligíráàmù 2.5 lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5.2, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí obìnrin 10,000 bá lo oògùn náà fún ọdún kan, jẹjẹrẹ ọyàn á fi 8 pọ̀ sí i, rọpárọsẹ̀ á fi 8, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró á fi 8, àìsàn iṣan ọkàn á fi 7. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá á fi 6 dín, eegun ìbàdí kíkán á fi 5 dín. Ní 2003, apá mìíràn nínú ìwádìí náà, tó wo àwọn ẹni ọdún 65 sókè nìkan, rí i pé àrùn ìgbàgbé di ìlọ́po méjì láàárín àwọn tó ń lo àpapọ̀ oògùn yìí. Apá tó lo ẹ́sítírójìn nìkan, obìnrin 10,739 tí wọ́n ti gé ilé-ọmọ wọn, dúró ní 2004 nítorí rọpárọsẹ̀. Jẹjẹrẹ ọyàn kò pọ̀ sí i nínú tiwọn, nígbà tí wọ́n sì tún tọ́pa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe ló tilẹ̀ dín kù.

Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin inú ìwádìí náà lé ní 63. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti wá. Ìbẹ̀rù tó tẹ̀ lé èsì 2002 mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin ẹni ọdún 50, tí ewu tiwọn kéré, pa oògùn tì. Àwọn tó wá sọ lẹ́yìn náà pé ìbẹ̀rù náà ti pọ̀ jù jàre ní ti àwọn ọ̀dọ́ ìyá wọ̀nyí. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 66 gan-an ló jọ àwọn tí wọ́n ṣèwádìí lórí wọn, kò sì yẹ kó fi ìròyìn ayọ̀ tí a kọ fún àbúrò rẹ̀ tu ara rẹ̀ nínú. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó kú lẹ́yìn ọdún 18, ní 2017, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín àwọn tó lo oògùn àti àwọn tí kò lò ó.

Ìwádìí ELITE, tó jáde ní 2016, wá dán èrò yìí wò tààrà, pé àsìkò tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ oògùn ló ń pinnu ohun tó máa ṣe fún un. Obìnrin 643 ni wọ́n fi ṣe é. Láàárín àwọn tí nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró kò tíì pé ọdún 6, estradiol, irú ẹ́sítírójìn kan, dín bí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ṣe ń nípọn kù. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọdún 10, kò ṣe nǹkan kan. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹ́sítírójìn lè ran iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣì dán lọ́wọ́, àmọ́ bí ọ̀rá bá ti gan mọ́ ọn, ó lè ṣe é ní jàǹbá. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, kò tíì di àmọ̀dájú lọ́nà gbogbo. Ní oṣù kọkànlá 2025, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò yọ ọ̀pọ̀ nínú ìkìlọ̀ ńlá orí páálí oògùn wọ̀nyí kúrò, síbẹ̀ ó dúró lórí pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ẹni ọdún 60 tàbí láàárín ọdún 10 tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Bíbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí títẹ̀síwájú

Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 51, tó wá pé 65, kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gba oògùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́ni ọdún 65. Ìlànà tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù ti Àríwá Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2022 sọ pé ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi já oògùn gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń lò ó, tí ooru sì ń padà wá bó bá dá a dúró. Kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò látìgbàdégbà ni.

Kíka ọdún yìí máa ń gba ọgbọ́n ní agbègbè Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìyá kò ti ní ìwé ìbí, tí ọjọ́ orí inú fáìlì wọn sì lè jẹ́ àfojúdá. Ìbéèrè tó ń wúlò ni, “Ìyá, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?”, kí wọ́n sì fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó rí i gbẹ̀yìn nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà ní 2020 ṣì wà nínú ọdún 10. Ẹni tí tirẹ̀ ti dáwọ́ dúró kí Ọọ̀ni Ògúnwùsì tó gorí oyè ní ìparí 2015 ti dé ẹnu ààlà tàbí kó ti kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000 ti kọjá rẹ̀ fíìfíì. Ti ẹni tí wọ́n gé ilé-ọmọ rẹ̀ nítorí ìju, tí wọ́n fi ilé-ẹyin sílẹ̀, ló nira jù láti kà: nǹkan oṣù ti lọ, àmọ́ ilé-ẹyin lè ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan.

Oògùn àti ọ̀nà tó ń gbà wọ ara

Hóró tí obìnrin gbé mì máa ń kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì pèsè púpọ̀ sí i nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Estradiol tó bá gba awọ ara wọlé, yálà èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra tàbí jẹ́ẹ̀lì, kò gba ọ̀nà yẹn. Àwọn ìwádìí tó tọ́pa àwọn tó ń lò ó fi hàn pé ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, ó jọ pé kì í mú ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i. Wọn kì í ṣe ìwádìí tí wọ́n fi gègé pín àwọn ènìyàn sí, nítorí náà wọn kò lágbára tó ti 2002. Síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ dókítà ń yàn fún ẹni tó bá dàgbà, ní ìwọ̀n tó kéré jù, bíi máíkírógíráàmù 25 lójúmọ́ fún èyí tí wọ́n ń lẹ̀.

Ojú ọjọ́ ibí náà ní tirẹ̀ láti sọ. Òógùn lè ṣí oògùn ìlẹ̀mọ́ra kúrò, pàápàá ní oṣù kejì sí ìkẹta, nítorí náà ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ìdí tí awọ rẹ̀ gbẹ, tí okùn yẹ̀rì kò sì há, ló dára. Jẹ́ẹ̀lì lè ràn mọ́ ẹlòmíràn bí kò bá tíì gbẹ. Ìyá tó ń pọn ọmọ-ọmọ gbọ́dọ̀ fi sí itan, kó jẹ́ kó gbẹ, kó fi aṣọ bò ó, kó sì fọ ọwọ́, torí họ́mónù yìí lè mú kí ọyàn ọmọdé yọ ṣáájú àkókò.

Ẹni tó ṣì ní ilé-ọmọ nílò projẹ́sítírọ́ọ̀nù. Miligíráàmù 100 lálaalẹ́ ló wọ́pọ̀ fún àwọn tó ń lò ó láìdáwọ́ dúró. Ó ń mú oorun wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, àwọn tí oorun ti ń sá fún kì í sì í ráhùn. Òróró ẹ̀pà wà nínú àwọn kan lára hóró náà, kí ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu béèrè. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn oògùn wárápá kan máa ń dín agbára họ́mónù wọ̀nyí kù.

Estradiol ojú ara yàtọ̀ pátápátá. Máíkírógíráàmù 10 ló wọ́pọ̀, lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìwọ̀nba tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé kò sábà nílò projẹ́sítírọ́ọ̀nù, òfin ọdún 10 kò sì kàn án. Ó ń wo gbígbẹ, ìrora ìbálòpọ̀, ó sì ń dín kòkòrò ojú ìtọ̀ tó ń padà wá léraléra kù. Kì í wo ooru ara.

Àwọn tí wọn kì í fún

Àwọn ni ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé-ọmọ, rọpárọsẹ̀, àìsàn iṣan ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì wálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Ìju lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ya lẹ́yìn oṣù 12 láìrí nǹkan oṣù, bó ti wù kó kéré tó, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìdí rẹ̀ wò kí họ́mónù tó kàn.

Ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ẹ̀ka ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ní Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn obìnrin wà níbẹ̀. Owó àpò aláìsàn ni wọ́n sábà fi ń ra oògùn. Ẹni tó bá ń rà á ní kẹ́míìsì máa ń wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí.

Wọ́n máa ń ka òógùn òru sí ibà, kí wọ́n sì lo oògùn ibà lásán. Gbígbẹ ojú ara ni kì í sábà dé etí dókítà. Nínú àṣà Yorùbá àtijọ́, obìnrin tó bá ti rí ọmọ-ọmọ máa ń yẹra fún ibùsùn ọkọ, àwọn kan sì gbà pé ìbálòpọ̀ lẹ́yìn ìdáwọ́dúró ń fa ìju. Ìmọ̀ ìṣègùn kò rí ẹ̀rí fún èyí. Ṣe ni ìju sábà máa ń súnkì lásìkò náà. Ẹni tí ìtìjú kò bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lè máa tọ́jú kòkòrò ojú ìtọ̀ láti ọdún dé ọdún, nígbà tí ojú ara tó gbẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Fún ẹni tí họ́mónù kò bá yẹ, venlafaxine àti paroxetine ìwọ̀n kékeré (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn) àti gabapentin (oògùn wárápá) lè dín ooru kù. Gabapentin lè fa òòyì, èyí tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Fezolinetant, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2023, ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan ọpọlọ tí a mẹ́nu bà lókè láìlo họ́mónù rárá. Ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ àti ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ tó bá ń lò ó.