Ohun tí ẹ fẹ́ fọ̀ kò sí nínú ilé ọmọ

Obìnrin tó bá dá abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta dúró, tí oṣù bíi mélòó kan kọjá tí kò rí oyún, kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ọjà Òjé n'Íbàdàn. Ẹnì kan á ti sọ fún un nílé pé ìfètòsọ́mọbíbí ti ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́, kó lọ fọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn máa ń gbé ike àgbo náà wá bá wa ní kílíníìkì pé ká bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí oògùn yẹn wà. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta yìí, Depo, inú ẹran apá tàbí ìdí la máa ń gún un sí. Ibẹ̀ ló ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ pàṣẹ kí ẹyin jáde. Àgbo tó ń múni yàgbẹ́ bí omi ò lè fà á kúrò níbẹ̀. Àwa tí a gún un gan-an ò lè fà á padà. Nǹkan oṣù tí ẹ ò rí nígbà yẹn náà ò kóra jọ síbì kankan: oògùn náà kì í jẹ́ kí ara inú ilé ọmọ nípọn, ohun tí ì bá ya dànù ni kò sí.

Oṣù kíkà ló máa ń da èèyàn láàmú. Ọ̀pọ̀ ń kà á láti ọjọ́ tí wọn ò lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí iṣẹ́. Ẹ wo káàdì yín. Ẹni tó gbà á kẹ́yìn ní oṣù kìíní, iṣẹ́ rẹ̀ di oṣù kẹrin. Tí a bá ní ká ṣírò ti ọ̀pọ̀ obìnrin pọ̀, bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni oyún ń dé, ìyẹn oṣù kọkànlá. Ti ẹlòmíì á yá jù bẹ́ẹ̀, ti ẹlòmíì á wọ ọdún kejì. Olóṣù méjì, Noristerat, kì í pẹ́ tó yẹn, bí oṣù 6 ni. Iye ọdún tí ẹ fi gbà á kì í fi kún un.

Ìfètò ti apá, lúùpù inú ilé ọmọ àti oníhóró kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí nọ́ọ̀sì bá ti fa ti apá, Jadelle tàbí Implanon, jáde, ẹyin lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin tiẹ̀ lè lóyún kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó yọjú, torí ẹyin ló ń ṣíwájú. Ẹ ò nílò láti fún ilé ọmọ ní ìsinmi kankan.

Èyí tí mi ò gbà ni ká máa di gbogbo ẹ̀bi ru ìfètò. Ẹni tó fi Jadelle sápá ní ọmọ ọdún 32, tó yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún 5, ti di ẹni ọdún 37. Ẹyin rẹ̀ náà ti dàgbà sí i. Àrùn ìbálòpọ̀ tí a ò tọ́jú lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Ọkọ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan ọkùnrin nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún. Àyẹ̀wò àtọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, kó tètè ṣe é, kódà bó ti bímọ rí.

Ẹ máa bára yín sùn lọ́jọ́ méjì-mẹ́ta síra, ẹ fi ọjọ́ kíkà lórí fóònù sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn fólíìkì (folic acid), máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, kí oyún tó dé.

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, ọdún kan ni kó fi gbìyànjú. Tó bá ti pé, oṣù 6, kó wá rí dókítà. Tí ọdún kan bá kọjá lẹ́yìn Depo ìkẹyìn tí nǹkan oṣù ò tíì padà, kó wá náà. Ì báà ṣe Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí UCH, ẹ mú káàdì ìfètò yẹn dání, kẹ́ ẹ sì mú ọkọ yín lọ.