Git kì í ṣe GitHub, kò sì nílò dátà

"Dátà mi ti tán, mi ò lè lo Git lónìí." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, láti Tanke títí dé Malete. Bí dátà bá ti tán, wọ́n á pa Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ kóòdù, tì, wọ́n á wá máa ṣe ẹ̀dà fọ́ládà: "project2", "project tuntun", "project tuntun gan-an", "project ìkẹyìn". Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ni iṣẹ́ kò fi ní mọ èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn mọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, nítorí irinṣẹ́ tó yẹ kó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdààmú yìí ti wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, kò sì fi dátà dè wọ́n.

Ohun tó fa ìgbàgbọ́ yìí kò ṣòro láti rí. GitHub, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń gbé ẹ̀dà iṣẹ́ Git sí, ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń gbọ́ kí wọ́n tó gbọ́ Git. Olùkọ́ á ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì síbẹ̀, kí wọ́n fi líǹkì iṣẹ́ wọn ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ náà á ní kí wọ́n mú GitHub wọn wá kí òun rí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣí GitHub lórí bíráúsà, wọ́n á fi bọ́tìnì ibẹ̀ gbé fáìlì wọn sókè, wọ́n á gbà pé àwọn ti lo Git nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí fọ́ládà tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, kò sí ìtàn iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Git ti ń ṣiṣẹ́ kí GitHub tó dé. Linus Torvalds, ọmọ Finland tó dá ètò kọ̀ǹpútà Linux sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lóṣù Kẹrin ọdún 2005. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BitKeeper ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn tó ni ín gba ọ̀fẹ́ yẹn padà, Torvalds jókòó, ó kọ tirẹ̀. Lóṣù Keje ọdún kan náà ló fa àbójútó rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́. Ọdún 2008 ni GitHub ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gba ẹ̀dà repo Git (fọ́ládà iṣẹ́ pẹ̀lú ìtàn rẹ̀) àwọn ènìyàn pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft rà á lọ́dún 2018 ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, ṣùgbọ́n Git kò sí lára ọjà tí wọ́n rà, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe Linux fúnra rẹ̀ ló ń fi ìméèlì fi àtúnṣe kóòdù ránṣẹ́ síra wọn.

Ibo wá ni iṣẹ́ yín ń lọ nígbà tí ẹ bá ṣe commit, ìyẹn ni pé ẹ fi bí iṣẹ́ ṣe rí pamọ́ sínú ìtàn rẹ̀? Nígbà tí ẹ bá wọ inú fọ́ládà iṣẹ́ yín lórí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ) tí ẹ tẹ git init, Git á dá fọ́ládà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ .git. Ó fara pamọ́, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kò fi rí i rí. Inú rẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà. Bí ẹ bá tẹ git add, ohun tó wà nínú fáìlì á wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá tẹ git commit, Git á ya bí gbogbo iṣẹ́ náà ṣe rí ní wákàtí yẹn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yín, àkókò, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ṣàlàyé, àti àmì commit tó ṣáájú rẹ̀. Àmì yìí jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40, láti inú ohun tí commit náà gbé dání ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń pín in. Kò dà bíi wàláà ilé-kéwú tí a ní láti fọ̀ kí a tó lè kọ òmíràn sí i: commit tuntun kì í pa ti àná rẹ́. Bí ẹ bá ba index.html jẹ́ lóru, tí ẹ kò sì tíì tẹ git add lé e, git restore index.html á dá a padà sí bó ṣe wà nígbà commit tó kẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo àdúgbò.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ pa dátà, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ wá tẹ git log, git diff, git branch, git switch, git merge. Gbogbo wọn á dáhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí inú fọ́ládà .git yẹn ni wọ́n ti ń kà á. Nínú àwọn àṣẹ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, mẹ́rin péré ló máa ń bá ibòmíràn sọ̀rọ̀: clone (dída gbogbo repo kọ), fetch (gbígba ohun tuntun wá), pull (gbígbà á wá sínú iṣẹ́ yín) àti push (gbígbé commit yín lọ). Torí náà, ẹ lè ṣe commit ní ogún ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ wá fi dátà díẹ̀ ṣe push kan lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí repo ọ̀hún kò tíì ní nìkan ni push ń gbé lọ, ó sì ń fún un pọ̀ kó tó rán an.

Ẹni tó bá ti lo Subversion tàbí CVS, àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, rí lè jiyàn, kò sì jẹ̀bi. Ní tiwọn, sáfà kan ṣoṣo (kọ̀ǹpútà àárín tí gbogbo ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀) ló ni ìtàn iṣẹ́, láìdé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sí commit. Git kọ̀ láti rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe clone ti gba gbogbo ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fáìlì tòní nìkan. Bí ẹnìkan bá pa repo yín rẹ́ lórí GitHub lálẹ́ òní, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ṣì pé.

Nǹkan kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá tẹ git status, ó lè sọ fún yín pé "Your branch is up to date with 'origin/main'", ìyẹn ni pé ẹ̀ka iṣẹ́ yín bá ti GitHub mu. Ẹni tó bá rí i á rò pé Git ti lọ yẹ GitHub wò. Kò lọ síbi kankan. Ohun tó rántí nígbà tí ẹ bá GitHub sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń wò. Ẹnìkejì yín lè ti gbé iṣẹ́ tuntun síbẹ̀ láàárọ̀, status kò ní mọ̀, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe git fetch.

Apá kejì ìgbàgbọ́ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Git wà á tún rò pé commit òun ti dé ibẹ̀. Ó á ṣe commit lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe push rí. Lọ́jọ́ tí omi bá dà sórí kọ̀ǹpútà tàbí tí olè bá gbé e, fọ́ládà .git bá a lọ nìyẹn, iṣẹ́ àṣekágbá ọdún kan á sì wọmi. Commit ń gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe ara yín. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ló ń gbà yín lọ́wọ́ olè.

Ibòmíràn yẹn kò sì di dandan kó jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Flash tí ẹ ń kó orin sí tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó wà ní /media/flash, ẹ tẹ:

git init --bare /media/flash/ise.git
git remote add flash /media/flash/ise.git
git push flash main

Bí branch (ẹ̀ka iṣẹ́) yín bá ń jẹ́ master, ẹ fi master rọ́pò main. Ní Git Bash orí Windows, ojú ọ̀nà flash máa ń rí bíi /e/ise.git. Ẹ mú flash náà fún ọ̀rẹ́ yín ní Malete, òun náà á ṣe git clone láti orí rẹ̀, á ṣiṣẹ́, á ṣe push padà sórí rẹ̀, ẹ̀yin á sì ṣe pull nígbà tó bá dé. Nígbà mìíràn Git lè kọ̀, kó máa sọ̀rọ̀ nípa "dubious ownership", torí pé ọ̀pọ̀ flash kì í kọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Yóò kọ àṣẹ tó ní safe.directory nínú sójú terminal. Bí ó bá dá yín lójú pé flash yín ni, ẹ da àṣẹ náà kọ bó ṣe wà.

Bí kò bá sí flash, git bundle create ise.bundle --all á di gbogbo ìtàn náà sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ lè fi Xender tàbí Bluetooth fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á sì ṣe git clone ise.bundle.

Àwọn kan ṣì ń rò pé àfi kí àwọn kọ́kọ́ wọ àkáǹtì kí commit tó lè gba orúkọ àwọn. Rárá o. Orúkọ àti ìméèlì tí ẹ bá fi git config --global user.name àti user.email kọ sílẹ̀ ló máa lò, lórí kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀.

Ẹ ó nílò dátà lẹ́ẹ̀kan láti gba Git fúnra rẹ̀, yálà pẹ̀lú sudo apt install git lórí Ubuntu, tàbí nípa gbígba Git for Windows sílẹ̀. Fún Windows, ẹ lè gba fáìlì rẹ̀ lórí flash ẹni tó ti ní in, tó bá jẹ́ pé ojúlé Git gan-an ló ti mú un. Tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, ẹ tẹ git --version láti rí i pé ó wọlé.